Ìwé Òjò

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé òjò ní fọ́ọ̀mù kẹrin,
èmi Sìdíkátù, nítorí ìkọ̀wé mi ṣe é kà.
Ọ̀gbẹ́ni Oyèwùsì ki àrọ bọ ẹnu ìgò,
ó ri ìgò náà sínú agolo mílíìkì,
ó gbé e sẹ́yìn kíláàsì, níbi tí ewé máńgòrò ò ti ní ká a mọ́.
"Aago mẹ́sàn-án, láràárọ̀," ó ní,
"òjò ìbáà rọ̀, kó má rọ̀. Òdo náà, nọ́ńbà ni."

Mo kọ òdo títí ó fi sú mi.
Oṣù kìíní, òdo. Ọyẹ́ mú, òdo.
Múfútáù ní ṣe ni mò ń to ẹyin sínú ìwé.

Kí ọkùnrin yìí tó dé, orúkọ lásán ni jiọ́gíráfì:
Amásónì, Sàhárà, òkè Áńdíìsì,
àti òjò dídì, tí baba ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí.
Òun ló kó wa gun Òkè-Baálẹ̀ lọ́sàn-án gangan,
ó tẹ́ máàpù sórí àpáta, ó fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Òrùlé onípáànù dípẹtà ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò,
ojú irin gba àárín wọn kọjá
bí ìgbà tí wọ́n fi òwú dúdú rán aṣọ pupa.
"Ẹ wo àwọn ìlà yìí. Ibi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra,
ibẹ̀ ni orúnkún ti ń dun ìyá yín."
A rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo bi ìyá mi
ibi tó ti máa ń sọ agbọ̀n ọṣẹ kalẹ̀ kó tó lè mí
bó bá ń ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun gòkè lọ Ọjà-Ọba.
Ojúlé tó dárúkọ, mo wá a nínú máàpù:
àwọn ìlà há síbẹ̀ bí eyín òòyà.

Oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alẹ́ tán nígbà tó bẹ̀rẹ̀.
Kò sán àrá. Ó kàn ń rọ̀ ni,
bí ajigbèsè tó fẹ́ san gbogbo rẹ̀ tán lóru kan.
Kí àkùkọ tó kọ, odò ti kọjá ẹnu ọ̀nà,
ó wọ yàrá, ó bá ìyá àgbà lórí ẹní.
Ilẹ̀kùn la yọ, òun la fi gbé e jáde.
Ọṣẹ ìyá mi yòrò sómi,
gbogbo àdúgbò ń yọ ìfófòó fún ọjọ́ méjì.
Àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Ìyá mi ò wí nǹkan kan.

Mo padà sílé-ìwé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìgò ti kún àkúnya,
omi ti bò ó mọ́ inú agolo. Kò sẹ́ni tó kà á.
Mo kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, nítorí ó jọ òótọ́.
Oyèwùsì wò ó. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ mi, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ sí.
"Ta ló ka nọ́ńbà yìí?"
Ẹnu mi di. Mo ń retí pàṣán.
Ó fi bírò pupa fa ìlà lé e.
"Níbo ni omi dé nílé yín?"
Mo fọwọ́ lé àyà.

Ó tẹ̀lé mi délé lọ́jọ́ náà, tòun ti téèpù télọ̀.
Ó kí ìyá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri,
ó wọn àbàwọ́n omi láti ilẹ̀ dókè, ó tún un wọ̀n,
ó sì kọ ọ́ sójú ibi tí mo ti purọ́:
A kò ka ìgò. Omi dé àyà Sìdíkátù.
Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá.

A ti kun ògiri yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà.
Tó bá ti di oṣù kẹfà, ìlà náà á tún yọ,
tẹ́ẹ́rẹ́, bí èyí tó wà nínú máàpù.

Síì mẹ́fà ni mo gbà nínú ìdánwò àṣejáde.
Wọn ò bi wá léèrè ògiri.
Òjò dídì ni wọ́n bi wá.